Èédú Mẹ́fà, Owó Méjì

Ọ̀rọ̀ owó la gbé wá lónìí, àmọ́ ẹ má tíì sá lọ. Ọ̀rọ̀ èédú náà ni.

Bí ẹ bá bi èèyàn pé kí ni iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ akiọ́lọ́jì, wọ́n á ní ilẹ̀ la máa ń wà. Òótọ́ ni. A máa ń ta okùn yí ilẹ̀ ká, a máa ń fi irinṣẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri họ erùpẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a máa ń fi asẹ́ jọ̀ ọ́, a sì máa ń kọ gbogbo ohun tí a bá rí sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wíwà kọ́ ni òpin iṣẹ́. Àpáàdì kì í sọ ibi tí wọ́n ti bu amọ̀ rẹ̀. Èédú kì í sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n dá iná kan, àfi kó gbé èédú ibẹ̀ lọ sí láàbù. Láàbù kì í sì í gba "Ẹ bá wa ṣe é, Ọlọ́run á san án fún yín." Dọ́là ló ń gbà.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Nínú ẹ̀kọ́ wa, ibi owó láàbù ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe másítàs àti PhD ti ń dúró. Kì í ṣe pé orí wọn kò pé, kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Owó náà pọ̀ ju agbára ẹnìkan lọ, àmọ́ kò pọ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. A ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan. A fẹ́ sọ bó ṣe rí fún yín, èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ń ṣe másítàs ní ẹ̀ka wa. Àǹtí la máa ń pè wọ́n, Àǹtí náà la ó sì máa pè wọ́n níbí. Iṣẹ́ wọn dá lórí ahoro kan tó wà lẹ́yìn abúlé kan, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́. Ògiri amọ̀ ibẹ̀ ti wó di òkìtì, igi osè mẹ́ta sì ló dúró síbi tí wọ́n ní ọjà wà nígbà kan. Baálẹ̀ sọ fún wa pé ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kí ogun tó tú wọn ká. Ogun wo? Wọ́n ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú. Àwọn kan lábúlé náà ní ìlú náà ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti ń ti Ifẹ̀ jáde wá. Àwọn mìíràn ní kò ju ayé baba baba àwọn lọ. Nígbà tí Baálẹ̀ fún Àǹtí láyè láti wa ilẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: "Ẹ bá wa mọ ìgbà tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀. Kí ẹ sì padà wá sọ ọ́ fún wa. Ẹ má ṣe bí àwọn tó ń kó nǹkan lọ tí a kì í gbúròó wọn mọ́."

Àwa mẹ́tàlélógún la bá Àǹtí ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ó jẹ́ ara iṣẹ́ pápá tiwa náà. Kòtò méjì la wà. Èyí tó jìn jù tó mítà kan àtààbọ̀. Àpáàdì tí a rí kún àpò ìrẹsì mẹ́rìnlá. A rí ìdàrọ́, a rí ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́sàn-án, a rí àfọ́kù ìkòkò tábà kan. Ṣùgbọ́n èédú ni Àǹtí ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Bí a bá rí i, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. A ó fi ẹnu irin mú un, a ó wé e sínú fóìlì, a ó sì kọ nọ́ńbà kòtò àti ìpele ilẹ̀ sí i lára. Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn tó dára tó láti gbé lọ sí láàbù jẹ́ mẹ́fà, mẹ́ta láti inú kòtò kọ̀ọ̀kan. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi wà nínú páálí bàtà kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ka wa. Láàárín ìgbà yẹn, Àǹtí kọ gbogbo orí ìwé wọn tán àfi ọ̀kan. Orí tó yẹ kó sọ ìgbà tí wọ́n gbé ìlú náà ṣófo. Olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ wọn kò gbà kí wọ́n fi àbá lásán dí i, a ò sì lè bá olùkọ́ náà jà, torí òótọ́ ni wọ́n sọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò ṣe ẹ̀kọ́ wa, bí ọ̀rọ̀ èédú ṣe rí nìyí. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, àti igi, àti ẹran, àti èèyàn, ló ń gba kábọ́ọ̀nù sára láti inú afẹ́fẹ́ tàbí oúnjẹ. Díẹ̀ nínú kábọ́ọ̀nù yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù-14, kì í wà títí láé. Bí igi bá ti kú, kò gba tuntun mọ́, èyí tó wà lára rẹ̀ á sì máa dín kù. Ní nǹkan bí ọdún 5,730, á ku ìdajì. Ẹni tó bá lè wọn èyí tó kù lè ṣírò ìgbà tí igi náà kú. Willard Libby, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe aṣáájú ọgbọ́n yìí, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1960. Láyé ìgbà náà, èédú ẹ̀kúnwọ́ ni láàbù ń fẹ́. Lónìí, èyí tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ti tó, torí ẹ̀rọ tó ń ka átọ́ọ̀mù ọ̀hún lọ́kọ̀ọ̀kan ti wà. Ẹ̀rọ yẹn ló ń jẹ owó.

Ẹ lè bi wá pé ṣé dandan ni. Ṣebí àwọn àgbà ti sọ ìtàn? Ẹ wo Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1910, Leo Frobenius dé ibẹ̀ láti Jámánì. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀, ó rí ìkòkò tí gíláàsì yíyọ́ ti gan mọ́ lára. Ọkùnrin yìí wo gbogbo ọlá Ifẹ̀, ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ló ni ín. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà fún ìgbà pípẹ́ pé gíláàsì tó ti òkè òkun wá ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń yọ́ ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ìkòkò náà wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọn ò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé wọ́n gbé wọn dé láàbù. Ní 2006, James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren kọ̀wé pé gíláàsì kan wà ní Ifẹ̀ tí ohun inú rẹ̀ kò bá ti Yúróòpù tàbí ti àwọn Lárúbáwá mu, pé kálísíọ́ọ̀mù àti alumíníọ́ọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà tó yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, Abidemi Babatunde Babalola, nígbà tó ń ṣe PhD ní Yunifásítì Rice ní Houston, wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun láàárín 2010 sí 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ tó jáde níbẹ̀ lé ní 12,000. Òun pẹ̀lú Laure Dussubieux ti Field Museum ní Chicago àti àwọn mìíràn ṣe àyẹ̀wò díẹ̀ nínú wọn: wọ́n fi iná lésà bu ìwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí lára ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀rọ sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Àbọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn baba wa ló pèsè gíláàsì náà fúnra wọn, láti inú ohun tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí sì ti jáde ní Gao ní orílẹ̀-èdè Mali.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi ń sọ ìtàn àwọn baba wa ní àsọdà, kì í ṣe torí pé a kò rí ìlẹ̀kẹ̀, bí kò ṣe torí pé wọn kò tíì wo inú rẹ̀ dáadáa. Láàbù ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Frobenius.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká ka owó. Àwọn láàbù tó ń ta àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù-14 fún gbogbo ayé sábà máa ń gba láàárín 300 sí 600 dọ́là lórí èédú kan. Ẹ mú 500. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ní báńkì, nítorí náà 500 dọ́là jẹ́ 230,000 náírà. Ní àárín oṣù yẹn ni Báńkì Àgbà ilẹ̀ wa tú náírà sílẹ̀ kó lọ wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, dọ́là kan ti tó nǹkan bí 1,500. Owó èédú kan náà di 750,000. Láàbù ò fi kọ́bọ̀ lé owó rẹ̀. Èédú ò wúwo sí i. Páálí bàtà tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni kò mọ̀ pé owó òun ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Níbo wá ni owó wà? A wá a kiri, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a rí, kó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Owó ìwádìí TETFund wà láti ìgbà tí òfin rẹ̀ ti jáde ní 2011, àmọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ló ń gbà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí lára òṣìṣẹ́ kò lè tọrọ rẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Owó ẹ̀yáwó NELFUND, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2024, ń san owó ilé-ìwé, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ìgbọ́bùkátà. Kò kan èédú. Ní òkè òkun, àjọ Wenner-Gren ní New York máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè yòówù ní owó tó lè tó 25,000 dọ́là, ó sì lè ná nínú rẹ̀ fún láàbù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe PhD, ẹ lọ wò ó. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe másítàs bíi ti Àǹtí kò sí nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba tún máa ń fún àwọn láàbù kan lówó, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Missouri, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé àpáàdì wá lè san owó tó dín. Èyí wù wá gan-an: láàbù ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ Áfíríkà kò ní nǹkan kan. Ní àwọn ọdún 1960 ni Cheikh Anta Diop ti dá láàbù kábọ́ọ̀nù-14 sílẹ̀ ní Dakar. Iléeṣẹ́ iThemba LABS ní Johannesburg ní irú ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń ka átọ́ọ̀mù. Nílé wa níbí, ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ẹ̀rọ riákítọ̀ kékeré kan ti ń ṣiṣẹ́ láti 2004. Ó lè sọ ohun tó wà nínú amọ̀ àpáàdì. Ní Ilé-Ifẹ̀ gan-an, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ̀rọ ńlá kan wà tó ń yin àwọn ohun tín-ín-tìn-tín inú átọ́ọ̀mù lu nǹkan láti mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn ẹ̀rọ méjì yìí kò lè sọ ọjọ́ orí èédú. Ṣùgbọ́n nínú àpò àpáàdì mẹ́rìnlá tí a kó dé, wọ́n lè sọ èyí tí wọ́n mọ nílé àti èyí tó ti ọjà ọ̀nà jíjìn wá. Owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó àyẹ̀wò lórí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, náírà ni gbogbo rẹ̀. Èyí yẹ kó jẹ́ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe pinnu láti dá èsúsú nìyẹn. Àwa mẹ́tàlélógún ń dá 2,000 náírà lóṣù fún oṣù méje, ó di 322,000. Àǹtí fi 380,000 sí i nínú owó lẹ́sìnnì tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà yẹn la kọ lẹ́tà sí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa lórí WhatsApp. Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A ti fi ọwọ́ wa kó èédú jáde nínú kèrègbè. Ọwọ́ wa ni kò tó pẹpẹ tí owó wà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan kọ ọ́ pé, "Èédú lẹ fẹ́ fi owó tó tó báyìí rà? Ìyá mi á fún yín ní àpò kan lọ́fẹ̀ẹ́." A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mìíràn sọ ọ̀rọ̀ tí a kò lè fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ọmọ kan wà ní ẹ̀ka wa tí kò rí owó ilé-ìwé san, tí wọ́n ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Wọ́n ní owó èédú kan lè gbà wọ́n là, kí ló dé tí a ó fi ránṣẹ́ sí láàbù òyìnbó kí ó lè sọ ọdún tí iná kan jó?

A jókòó lé ọ̀rọ̀ yẹn lórí fún ọjọ́ mẹ́ta. Díẹ̀ nínú wa gan-an wà lára àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n náà ń sọ. Èsì tí a fún wọn ni pé òótọ́ ni, ebi kì í dúró de ìtàn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ti san owó ilé-ìwé, tó ti fi ebi kàwé, tó ti wa ilẹ̀, tó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nítorí 700,000 náírà, òun náà ń ṣòfò. Gbogbo ohun tí a ti ná lé e lórí ń ṣòfò pẹ̀lú rẹ̀. A ò sì ní kí ẹ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. A ní kí ẹ ṣí àpò kejì ni. Ẹ̀gbọ́n náà kò fèsì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi 50,000 ránṣẹ́, wọ́n kọ "èédú" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn mẹ́sàn-án ló dáhùn lápapọ̀, owó wọn sì jẹ́ 815,000. Gbogbo rẹ̀ di 1,517,000 náírà.

Láàbù tí a rí gba 450 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí a sanwó, dọ́là jẹ́ 1,550. Èédú méjì gba 1,395,000. Owó wa ò tó ẹyọ kẹta. Mẹ́fà wà nílẹ̀, owó méjì ló wà lọ́wọ́. Méjì wo?

Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ẹ̀ka wa la ti jiyàn yẹn, ó sì gba ọ̀sán gbáko. Èédú tó tóbi jù, tó lẹ́wà jù, tó sì dán, ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Àǹtí mi orí. Wọ́n ti gbé e fún olùkọ́ kan tó mọ igi, ìyẹn sì ti fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wò ó, ó ní ó jọ ìrókò. Ìrókò lè lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lórí ìdúró, àárín igi náà sì ti dẹ́kun gbígba kábọ́ọ̀nù tuntun tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó gé e. Ọjọ́ orí igi ni láàbù á sọ fún wa, kì í ṣe ọjọ́ orí iná. Ohun tó dára jù ni ohun tó hù tó sì kú láàárín ọdún kan: hóró àgbàdo, èso, èèpo èkùrọ́. Méjì nínú mẹ́fà jẹ́ èèpo èkùrọ́ tó jóná. Ọ̀kan wá láti inú ààrò tó wà nísàlẹ̀ kòtò kìíní. Èkejì wá láti ìpele òkè kòtò kejì, lábẹ́ ògiri tó wó.

Àwọn kan nínú wa ní ká mú méjèèjì láti ìsàlẹ̀, èkejì á jẹ́rìí èkíní. Àǹtí ní Baálẹ̀ béèrè ìgbà tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ogun tó tú wọn ká sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ká wá ìbẹ̀rẹ̀, ká sì wá òpin. Wọ́n tún kìlọ̀ fún wa pé òpin lè má mọ́lẹ̀. Kábọ́ọ̀nù-14 inú afẹ́fẹ́ kò dúró sójú kan láti ìgbà dé ìgbà, láti nǹkan bí 1650 sí 1950 ló sì rú jù lójú àwọn tó ń ṣírò rẹ̀. Gbogbo wa gbọ́, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ìwé àṣẹ tó yẹ jáde, a fi 85,000 gbé méjèèjì ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni èsì dé. Èèpo èkùrọ́ ìsàlẹ̀ jóná láàárín 1430 sí 1495. A pariwo títí ẹnìkan fi wá wò wá láti ọ́fíìsì kejì. Ẹ̀yin tó ní kò ju ayé baba baba yín lọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èsì kejì ní láàárín 1665 sí 1950. Bí Àǹtí ṣe sọ ló rí. Àpáàdì tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo yí àmì sí lára wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tábà yẹn. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni àgbàdo àti tábà ti wá, nítorí náà ìpele yẹn kò lè ṣáájú ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ju ìyẹn lọ, a ò lè sọ. Owó méjì la san, ìdáhùn kan àtààbọ̀ la gbà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ dá owó ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí láàbù ṣe ń ṣe nìyẹn: owó ń ra àyẹ̀wò, kò lè ra èsì tó wuni.

Àǹtí kọ orí tó kù, wọ́n sì ti fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún àwọn olùyẹ̀wò. Kí wọ́n tó fi sílẹ̀, a bá wọn padà lọ sí abúlé, a sì sọ ohun tí a rí níwájú ilé Baálẹ̀. Inú àwọn tó ní ìlú náà ti pẹ́ dùn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Baálẹ̀ dákẹ́, wọ́n ní kí Àǹtí tún un sọ. Wọ́n wá ní, "Ẹ ṣeun gan-an, ọmọ mi. Ẹ padà wá bí ẹ ṣe ṣèlérí. Ṣùgbọ́n iná kan lẹ sọ. Ìlú ńkọ́?"

Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa bi wá ní ìbéèrè tó ju ìyẹn lọ. Ẹnìkan lè dáná nínú igbó fún ọjọ́ kan kó sì lọ. Kí a tó lè sọ pé ìlú wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ó yẹ kí iná mìíràn láti kòtò mìíràn bá èyí sọ̀rọ̀. Èédú mẹ́rin tó kù nínú páálí ló mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Nítorí náà, a fẹ́ kí àpò yìí má tú ká. Òfin tí a ti fẹnu kò lé lórí kò le. Láàbù la ó máa sanwó fún ní tààrà, a ò ní fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣe másítàs la ó kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn, torí àwọn ni ilẹ̀kùn pọ̀ jù lójú wọn tó tì. Ẹni tó bá ń tọrọ á kọ ojú ìwé kan péré: kí ni ìbéèrè rẹ̀, èwo nínú ohun tó rí ló fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ló dé tó fi jẹ́ òun. Bí èsì bá dé, ó dára o, kò dára o, á kọ ọ́ ní Yorùbá, á sì gbé e padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni ilẹ̀.

Òfin kan kù tí a ṣì ń jiyàn lé lórí. Àwọn kan nínú wa ní kí ẹnikẹ́ni má wa kòtò tuntun àfi bí owó èédú méjì bá ti wà nílẹ̀. Àwọn mìíràn ní bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ò ní wa ilẹ̀ mọ́ láéláé. A lóye wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a bá ti wà, a ti bà á jẹ́. Kò sẹ́ni tó lè dá erùpẹ̀ padà sí ìpele tó wà. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé tí a kọ àti ohun tí a wé sínú fóìlì. Bí wọ́n bá tọ́jú wọn dáadáa, wọ́n lè dúró dè wá: egungun tí Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wú jáde ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ní 1965, àwọn onímọ̀ ṣì tún ọjọ́ orí rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì gbé e jáde ní 2011. Àmọ́ páálí bàtà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí òjò ń jò sí kọ́ ni ìtọ́jú. Ẹ̀yin náà, ẹ bá wa dá sí i: ṣé ká kọ́kọ́ wa ilẹ̀ ni, àbí ká kọ́kọ́ wá owó?

Ìṣírò owó nìyí, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi wá. 1,517,000 ló wọlé. 1,395,000 lọ sí láàbù, 85,000 lọ sí ìfiránṣẹ́. 37,000 ló ṣẹ́ kù. Lóṣù yìí, àwa mẹ́tàlélógún tún dá 46,000, ó di 83,000 náírà. Èédú kan ń jẹ nǹkan bí 700,000. Nọ́ńbà mẹ́rin, láti ìsàlẹ̀ kòtò kejì, ló kàn.